Kí Alhaja Tó Fọwọ́ Síwèé: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dán Èjìká Àtọwọ́dá Tuntun Wò

Bí ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí ní ìlú Ọba, ó ṣeé ṣe kí irú ìpè yìí ti wọlé sórí fóònù yín rí. Èjìká Alhaja ti ń dùn ún láti ọdún mélòó kan, apá kò gòkè mọ́ débi tí yóò fi kábárà dáadáa bó bá fẹ́ kírun. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Manchester gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà sì sọ pé oríkèé èjìká náà ti jẹ, pé àwọn lè pààrọ̀ rẹ̀, àti pé ìwádìí kan ń lọ lórí oríkèé àtọwọ́dá tuntun tí Alhaja lè kópa nínú rẹ̀ bó bá wù ú. Kí ìpè náà tó parí, ẹnì kan nínú agbo ilé ní Ìlọrin tàbí ní Ọ̀mù-Àrán yóò ti sọ pé wọ́n fẹ́ fi ìyá àwọn dánrawò.

Ẹ̀rù yẹn kò ṣàdédé wá. Ọ̀pọ̀ wa la ṣì rántí Kano ní 1996, nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń pa àwọn ọmọdé, tí ilé iṣẹ́ Pfizer sì dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára wọn. Ẹjọ́ tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ wọ kóòtù ní Nàìjíríà àti ní Amẹ́ríkà, ó sì di 2009 kí ilé iṣẹ́ náà tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là nínú àdéhùn tó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano ṣe. Ẹni tó bá rántí ìyẹn, tó sì ní kí Alhaja rọra ṣe, kò jẹ̀bi rárá. Ṣùgbọ́n ìdánwò oríkèé àtọwọ́dá kò rí bíi ti oògùn, ibi tí wọ́n sì ti yàtọ̀ gan-an ló yẹ kí ìbéèrè wa dá lé. Oògùn tí kò bá bá ara mu, a lè dá a dúró, ara á sì fọ̀ ọ́ dànù, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Irin tí wọ́n ti kàn mọ́ eegun kò ṣeé dá dúró. Iṣẹ́ abẹ mìíràn ni yóò yọ ọ́, eegun tó máa kù lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ìdánwò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í parí kí wọ́n tó máa tà á. Orí ẹ̀rọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á bọ́ sára èèyàn díẹ̀, á bọ́ sára ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọn kò sì gbọdọ̀ yé ṣọ́ ọ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó gbé e sára bá ṣì wà láàyè. Ìpele wo ni èyí tí wọ́n fẹ́ fi sí Alhaja lára wà báyìí? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ bi dókítà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo èjìká fúnra rẹ̀ ná. Orí eegun apá, tó rí roboto, ló ń yí lórí kòtò kékeré kan lára eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká. Oríkèé ìbàdí wọlé ṣinrin sínú kòtò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti èjìká dà bí ọsàn tí wọ́n gbé ka orí ọmọrí ìkòkò: díẹ̀ ló fi gúnlẹ̀, iṣan mẹ́rin tó yí i ká ló ń dì í mú kó má baà yí dànù bí apá bá ń gòkè. Torí pé kòtò náà kò jìn ni apá fi lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún ju ẹsẹ̀ lọ. Ohun kan náà ló mú kí èjìká àtọwọ́dá ṣòro láti ṣe kó sì dúró.

Kérékèré tó ń dán ló bo orí eegun náà àti kòtò rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Nínú irú aromọléegun tí àwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis, kérékèré yìí á máa tín-ín-rín, á máa ya, títí yóò fi jẹ tán láwọn ibì kan, ara kì í sì í hù ú padà bó ṣe ń hu awọ. Eegun á wá máa ha eegun, ṣóńṣó eegun kéékèèké á hù létí oríkèé, èjìká á gan, ẹ ó sì máa gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ bí apá bá ń yí. Àwọn àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe. Ìrora òru ló sábà máa ń lé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, torí pé wọn kò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn mọ́. Lọ́sàn-án ẹ̀wẹ̀, ohun tí ẹlòmíràn kò kà sí ló ń dà wọ́n láàmú: ọwọ́ kò dé ẹ̀yìn láti so kọ́mú, gèlè kò ṣeé wé láìsí ẹni tí yóò ranni lọ́wọ́, ahunṣọ òfì tó jẹ́ pé apá ló fi ń jẹun kò lè jókòó ti òfì rẹ̀ pẹ́ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo èjìká tó ń ro ló ní àrùn yìí o, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wá ju bó ṣe kan àwọn tí wọ́n ń ṣe ìwádìí náà fún lọ́hùn-ún. Iṣan lè já. Èjìká lè yẹ̀ kí wọ́n má dá a padà sí àyè rẹ̀ dáadáa. Ìtọ̀ ṣúgà náà máa ń mú kí èjìká gan. Nínú ẹbí tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde bá wà, ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí eegun apá mọ́, kí eegun náà kú kó sì wó nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì wà ní ọ̀dọ́. X-ray á fi hàn pé oríkèé ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó bà á jẹ́ yàtọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fún arúgbó tó ní osteoarthritis kò lè sọ ohun tó dájú nípa ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí eegun rẹ̀ ti le níbi tí kò yẹ kó ti le, tí kòkòrò àrùn sì tètè ń ráyè wọlé sí lára. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ pé wọ́n ti dán oríkèé kan wò, ó yẹ kó bèèrè pé lára ta ni.

Kò sí dókítà gidi tó máa fi iṣẹ́ abẹ ṣe ohun àkọ́kọ́. Físíò ló máa ń ṣáájú, pẹ̀lú párásítámọ́ọ̀lù, tàbí oògùn bí ibuprofen fún ìgbà díẹ̀, tàbí abẹ́rẹ́ steroid sínú oríkèé, èyí tó lè fúnni ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. (Àwọn oògùn ìrora aláràbarà tí wọ́n ń dì papọ̀ sínú ọ̀rá tà fún èèyàn lọ́jà àti ní gáréèjì, tí ẹni tó ń tà á gan-an kò mọ ohun tó wà nínú wọn, kò sí lára ohun tí mò ń sọ yìí. Kíndìnrín tí wọ́n bá bà jẹ́ burú ju èjìká tó ń ro lọ.)

Bí ìwọ̀nyí kò bá ràn án mọ́, oníṣẹ́ abẹ lè gé orí eegun apá tó ti jẹ, kó fi bọ́ọ̀lù irin tó ń dán, tó sábà máa ń jẹ́ àdàlù cobalt àti chromium, rọ́pò rẹ̀, kó sì fi ike líle kan tí wọ́n ń pè ní polyethylene tẹ́ kòtò náà. Irú èyí tẹ̀ lé bí Ọlọ́run ṣe dá èjìká. Irú kejì dorí ẹ̀ kodò: bọ́ọ̀lù á wà níbi tí kòtò wà tẹ́lẹ̀, kòtò á sì bọ́ sórí eegun apá. Ó jọ àwàdà, àmọ́ ọgbọ́n wà níbẹ̀, torí pé bí àwọn iṣan mẹ́rin yẹn bá ti já, iṣan ńlá tó bo èjìká lóde lè dá gbé apá sókè lórí oríkèé tí wọ́n tò bẹ́ẹ̀. Paul Grammont, dókítà kan ní Dijon ní ilẹ̀ Faransé, ló gbé irú rẹ̀ tó kẹ́sẹ járí jáde ní 1985. Ó di 2003 kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i. Ṣáájú rẹ̀ ni Charles Neer ní New York, ẹni tó fi irin rọ́pò èjìká tó fọ́ ní àwọn ọdún 1950, tó sì ròyìn ní 1974 nípa àwọn tí osteoarthritis bà jẹ́ léjìká. Ti Jules-Émile Péan ní Paris ló pẹ́ jù, ní 1893, nígbà tó fi oríkèé tí wọ́n fi platinum àti rọ́bà ṣe sára ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì, tí ikọ́ ife ti jẹ èjìká rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ fún bí ọdún méjì kí kòkòrò àrùn tó mú kí wọ́n yọ ọ́. Ní ti Péan, ara ọkùnrin yẹn gan-an ni wọ́n ti rí bóyá yóò dúró tàbí kò ní dúró.

Èyí tí wọ́n ń pè ní tuntun lónìí kì í sábà jẹ́ ohun tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gé ọ̀pá gígùn tó máa ń wọnú eegun apá kúrò, kí eegun púpọ̀ lè ṣẹ́ kù bí wọ́n bá tún ní láti ṣí i lọ́jọ́ iwájú. Irú èyí ti wà ní Yúróòpù láti 2004, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 2015. Ó lè jẹ́ ike tí wọ́n fi fítámínì E sí kó má baà tètè jẹ, tàbí irin tí ojú rẹ̀ rí hágahàga kí eegun lè hù wọ inú rẹ̀ láìlo sìmẹ́ńtì, ìyẹn àlẹ̀mọ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń mú oríkèé mọ́ eegun. Ìyípadà kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n a ó rí i níwájú pé ìyípadà kékeré lè ṣe ohun tí ẹni tó ṣe é kò rò.

Orí ẹ̀rọ ni ìdánwò ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí ọ̀kan nínú wọn ṣe ń rí, torí pé ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń lóye ìdí tí èjìká fi ń kọṣẹ́. Ike tó wà nínú kòtò ló máa ń kọ́kọ́ tú. Nígbàkigbà tí èèyàn bá gbé nǹkan, bọ́ọ̀lù náà máa ń sún lọ sí etí kan lára ike, á tẹ etí yẹn mọ́lẹ̀, etí kejì á sì fẹ́ gbé sókè díẹ̀. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, sìmẹ́ńtì tó mú ike mọ́ eegun á sán. Nítorí náà, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì lẹ ike náà mọ́ fóòmù líle tó dúró fún eegun, wọ́n á fi bọ́ọ̀lù irin tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára tó tó ìwọ̀n kílò 75, ẹ̀rọ á sì máa ti bọ́ọ̀lù náà láti etí kan dé èkejì, ní ìgbà 100,000. Bí a bá ṣírò pé èèyàn fi apá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó wúwo ní ìgbà 25 lóòjọ́, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Wọ́n á wọn bí etí ike ṣe ń gbé sókè tó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún máa ń wò ó bóyá irin náà máa dípẹtà, bóyá ohun tí wọ́n fi ṣe é lè pa ẹ̀yà ara lára, àti bóyá ọ̀nà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn lára rẹ̀ kò ní ba ike náà jẹ́.

Ẹ̀rọ kì í sùn lórí èjìká rẹ̀, kì í gún iyán, kì í yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, eegun inú rẹ̀ kì í sì í rọ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Oríkèé tó bá yege níbẹ̀ ti fi hàn pé kò ní fọ́ ní kíá, kò tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tó yẹ kó yà wá lẹ́nu nìyí. Lábẹ́ òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1976, bí ilé iṣẹ́ kan bá lè fi hàn pé ohun tí òun ṣe jọ èyí tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀ dé ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n lè gbà á láyè láti tà á láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dán an wò lára èèyàn. Ọ̀nà yìí, tí wọ́n ń pè ní 510(k), ni ọ̀pọ̀ oríkèé àtọwọ́dá ti gbà kọjá. Ohun tó túmọ̀ sí fún Alhaja ni pé ẹni tí kò sí nínú ìwádìí kankan, tí wọ́n kàn fi oríkèé tuntun kan sí lára nítorí pé ó wà lọ́jà, lè wà nínú ìdánwò láìmọ̀, láìsí ẹni tó ń ka nǹkan sílẹ̀ nípa rẹ̀. Ìbàdí irin-lórí-irin ASR tí ilé iṣẹ́ DePuy ṣe ni àpẹẹrẹ tó le jù. Àwọn èèyàn tó lé ní 90,000 káàkiri ayé ti gbé e sára kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, nítorí pé ó ń bàjẹ́ láìtọ́jọ́, èérún irin sì ń ba ẹran ara tó yí i ká jẹ́. Ọ̀nà 510(k) náà ni irú ASR tí wọ́n fi ń pààrọ̀ gbogbo oríkèé ìbàdí gbà wọ ọjà Amẹ́ríkà. Yúróòpù ti mú òfin tiwọn le sí i; èyí tí wọ́n ṣe ní 2017 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún 2021, ó sì ń béèrè ẹ̀rí púpọ̀ sí i lára èèyàn. Èrò tèmi ni pé ẹni tó wọ inú ìwádìí tí wọ́n ṣètò dáadáa máa ń ní ojú púpọ̀ lára ju ẹni tó kàn rà á lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ìwádìí ló ń bà wá lẹ́rù.

Báwo wá ni ìwádìí lára èèyàn ṣe ń lọ? Àwọn èèyàn díẹ̀ ló máa ń ṣáájú, tí wọ́n á máa ṣọ́ lójú méjèèjì. Bí kò bá sí aburú tó hàn, wọ́n á fi oríkèé tuntun wé èyí tó ti wà. Nínú irú ìwádìí tó lágbára jù, kọ̀ǹpútà á ṣẹ́ kèké láti pinnu ẹni tí tuntun máa kàn àti ẹni tí ti tẹ́lẹ̀ máa kàn. Dókítà kò ní yan, aláìsàn náà kò ní yan. Èyí máa ń bí àwọn ará ilé nínú, torí wọ́n á ní báwo ni dókítà tó mọṣẹ́ á ṣe máa ṣẹ́ kèké lórí ara ìyá àwọn. Ìdí rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá jẹ́ kí dókítà yàn, àwọn tí ara wọn le ni yóò fún ní tuntun, tuntun á sì dà bí ẹni pé ó dára jù láìjẹ́ pé òun ló dára. Kèké kò sì bójú mu àyàfi bó bá jẹ́ pé kò tíì sí ẹni tó mọ èyí tó dára jù nínú méjèèjì lóòótọ́. Bí dókítà bá ti mọ̀ pé ọ̀kan sàn fún Alhaja, kò yẹ kó fi í sínú kèké rárá.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan. Ìlànà kan tí Constant àti Murley gbé kalẹ̀ ní 1987 ń fún èjìká ní máàkì lórí 100: 15 fún ìrora, 20 fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, 40 fún bí apá ṣe ń yí, 25 fún agbára. Òmíràn, tí wọ́n ṣe ní Oxford, jẹ́ ìbéèrè 12 tí aláìsàn fúnra rẹ̀ máa dáhùn, bíi pé ṣé ó lè wọṣọ fúnra rẹ̀, ṣé ó lè fọ abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ṣé ó lè lo ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì pa pọ̀. Bí wọ́n bá bi Alhaja ní ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹ àmàlà láti kékeré, kó má kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kó lè tẹ́ wọn lọ́rùn. Kó ṣàlàyé, torí pé ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣírò.

X-ray wà nínú rẹ̀ náà, láti wò ó bóyá ìlà dúdú ti ń yọ láàárín sìmẹ́ńtì àti eegun, èyí tó lè jẹ́ àmì pé oríkèé náà ti fẹ́ máa tú. Àwọn ìwádìí kan tún máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ irin kéékèèké tí wọ́n ń pè ní tantalum sínú eegun nígbà iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n lè yà á láti ẹ̀gbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì mọ̀ bí oríkèé bá sún kúrò ní àyè rẹ̀, ìbáà má tó mìlímítà kan. Èyí tó bá ń sún láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fura sí pé yóò tú lẹ́yìn ọ̀la. Bó ṣe rí nìyẹn tí ìwádìí tí kò ní èèyàn púpọ̀ fi lè kìlọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ wo ohun tí irú iṣẹ́ yìí ti tú síta. Nígbà kan, ó jọ lójú gbogbo ayé pé bí wọ́n bá fi irin tẹ́ ẹ̀yìn ike inú kòtò, kí eegun lè hù wọ inú irin náà, yóò dúró ju ike tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ lọ. Àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Faransé ṣẹ́ kèké lórí èjìká 40 tí osteoarthritis ti bà jẹ́, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002. Ohun tó fani mọ́ra ni pé ìlà dúdú inú X-ray pọ̀ lára àwọn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ju ti onírin lọ, tó jẹ́ pé bí a bá wo àwòrán nìkan, onírin ni yóò dà bí ẹni pé ó borí. Síbẹ̀ àárín àwọn onírin ni àwọn kan ti tú láàárín ọdún díẹ̀, torí pé ike tó wà lórí irin ń jẹ kíákíá. Báyìí, ike lásán ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń lò fún irú èjìká yìí.

Èkejì kò jẹ́ osteoarthritis, àmọ́ èjìká náà ni. Wọ́n ṣe àpò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní bàlúù (balloon), tí wọ́n ń fi omi iyọ̀ kún, tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ eegun orí èjìká fún àwọn tí iṣan wọn ti já kọjá àtúnṣe. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2021. Ní 2022, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ìlú Ọba fún èèyàn 117: àwọn kan gba ìfọ̀mọ́ inú oríkèé nìkan, àwọn yòókù gba ìfọ̀mọ́ pẹ̀lú bàlúù. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó pé iye tí wọ́n fẹ́, torí ó ti hàn pé bàlúù kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tí kò gba bàlúù ni ara wọn yá jù. Ìwé àṣẹ láti tà á kò jẹ́ ẹ̀rí pé ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀.

Títí di báyìí, awuyewuye ṣì wà lórí ohun tó dà bí ẹni pé ó rọrùn: fún ẹni tó ti lé ní 60, tí iṣan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ṣì pé, ṣé irú tó tẹ̀ lé bí èjìká ṣe rí ló dára ni, àbí èyí tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò? Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé jáde ní 2024 lo àkọsílẹ̀ gbogbo ilẹ̀ England, ó sì rí i pé àwọn tí wọ́n fi irú kejì sí lára kò fi bẹ́ẹ̀ padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n pé lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́. Ìwádìí oníkèké lórí ìbéèrè kan náà ti wà ní ìlú Ọba. Bí ó bá jẹ́ òun ni wọ́n fi lọ Alhaja, kì í ṣe ohun àjèjì kan ni wọ́n fẹ́ fi sí i lára; oríkèé méjì tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi wé ara wọn.

Àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè yẹn ni ìpele tó gùn jù nínú gbogbo ìdánwò. Ọsirélíà ti ń ṣe tirẹ̀ láti 1999. Ti England àti Wales bẹ̀rẹ̀ ní 2003, wọ́n sì fi èjìká kún un ní 2012. Oríkèé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi sára èèyàn, wọ́n á kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, bí wọ́n bá sì tún un ṣe, wọ́n á kọ ìyẹn náà. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló tú àṣírí ìbàdí ASR. Láti inú irú rẹ̀ náà la ti mọ̀ pé bí èjìká àtọwọ́dá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. A sì tún mọ̀ pé ọkùnrin tí wọ́n bá ṣe é fún láàárín ọdún 55 sí 59, bíi ẹnì kan nínú mẹ́rin irú wọn ni yóò tún un ṣe kó tó kú, nígbà tó jẹ́ pé ti ìyá arúgbó tó ti lé ní 85 kéré jọjọ. Àgbẹ̀ ẹni ọdún 56 ní Àjàṣẹ́-Ìpo tó fẹ́ padà sídìí ebè iṣu lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ fi ìròyìn ìyá àgbà ẹni ọdún 80 ṣe ìtùnú.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ wa ni wọ́n ti fẹ́ ṣe ìwádìí náà, òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé kò sí ẹni tó lè ṣe ìwádìí lára alààyè láìjẹ́ pé ẹni náà fọwọ́ síwèé lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí ìwádìí náà wà fún àti ohun tó lè fà fún ìlera rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ ti yẹ ìwádìí náà wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìlọrin, UITH, ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, NAFDAC sì ní àṣẹ lórí àwọn ohun èlò ìtọ́jú. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ náà láìtijú. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì inú fọ́ọ̀mù kò bá yé Alhaja, kí wọ́n kà á fún un ní Yorùbá, kì í ṣe kí ọmọ kàn ní kó tẹ̀ka.

Ohun kan wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì lóye. Wọ́n á kọ ọ́ pé ẹ lè jáde kúrò nínú ìwádìí nígbàkigbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tí jíjáde já sí ni pé ẹ kò ní lọ fún àyẹ̀wò wọn mọ́, wọn kò sì ní béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín; oríkèé náà ṣì wà lára yín. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé ni ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò sanwó bí wọ́n bá ní láti yọ ọ́ tàbí tún un ṣe, àti ìgbà tí owó yẹn yóò dópin. Ẹ tún bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí Alhaja bá ní òun fẹ́ padà sílé, torí pé àwọn ìyá wa kì í fẹ́ pẹ́ nílẹ̀ òtútù, ìwádìí sì sábà máa ń fẹ́ rí aláìsàn fún ọdún méjì, ó kéré tán. Ẹni tó bá pòórá kó tó pé ọdún méjì ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ pé èjìká tó ń dùn ún ló mú kó bínú lọ.

Bó bá ti délé, kí ẹbí mọ̀ pé kòkòrò àrùn tó máa ń wọ èjìká àtọwọ́dá kì í fìgbà gbogbo wá pẹ̀lú ibà àti ọyún. Ọ̀kan wà tó ń gbé nínú awọ ara èèyàn, Cutibacterium acnes, tó lè wà níbẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún pẹ̀lú ìrora àti gígan nìkan. Bí wọ́n bá mú omi inú oríkèé lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n lè ní láti fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 14 kí wọ́n tó ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Èjìká tó ti sàn tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro, ọ̀dọ̀ dókítà eegun ni kó gbà lọ, kí teguntegun má fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ike omi gbígbóná lé e.

Inú páálí oríkèé kọ̀ọ̀kan ni ìwé pélébé tó ṣeé lẹ̀ máa ń wà, tó ní orúkọ ilé iṣẹ́, ìwọ̀n oríkèé náà, àti nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á lẹ ọ̀kan mọ́ fáìlì. Ẹ bèèrè òmíràn, ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní Ìlọrin, pẹ̀lú àwòrán X-ray tí wọ́n yà kẹ́yìn. Bí wọ́n bá kó irú oríkèé náà kúrò lọ́jà lọ́jọ́ iwájú, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń wá àwọn tó gbé e sára. Bí dókítà kan níbí bá sì ní láti ṣí èjìká náà, òun ló máa jẹ́ kó mọ irinṣẹ́ tó yẹ kó wá kí abẹ tó kan awọ, torí pé irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan kì í sábà bá oríkèé èkejì mu.